Bí mo ṣe yọ́ àtọ̀ kìnnìún àti ti ìnàkí ní Òṣogbo

Nígbà tí a dé Gbọ̀ngán, awakọ̀ tó gbé mi bọ̀ láti Ìbàdàn kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó bi mí ohun tó wà nínú agolo funfun tí mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì há mọ́lẹ̀, tó ń rú èéfín díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu. Mo ní àtọ̀ ni.

"Àtọ̀ kẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ti kìnnìún àti ti ìnàkí, tí wọ́n ti mú dì, tí mo fẹ́ lọ yọ́ wò bóyá ó ṣì wà láàyè. Ó wa ọkọ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Àǹtí, ẹ ò wá lè bù díẹ̀ fún wa? Ẹ mọ̀ pé ti kìnnìún yẹn á lágbára." Mo sọ fún un pé náítírójìn olómi ló wà níbẹ̀, pé òtútù rẹ̀ tó 196°C lábẹ́ òdo, ẹni tó bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, awọ ọwọ́ rẹ̀ á bó bí ẹni tí iná jó. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ráhùn mọ́ pé mo ní kó ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ nínú ọyẹ́. Bí lítà kan ṣoṣo nínú omi yẹn bá di afẹ́fẹ́, ó ń lọ sí nǹkan bíi 700 lítà, kò sì ní fi èyí tí a ó mí sínú sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó pa dé.

Sítírọ́ọ̀ mẹ́sàn-án ló wà nínú agolo náà: mẹ́fà ti kìnnìún, mẹ́ta ti ìnàkí, ìyẹn chimpanzee. Sítírọ́ọ̀ yìí tín-ín-rín ju èyí tí a fi ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ dáadáa. Àtọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà kò ju 0.25 ml lọ. Ti kìnnìún, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi fà á láti ojú ihò ìtọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ oorun ti gbé e lọ. Ìnàkí ní tirẹ̀ ti darúgbó, inú ọgbà ẹranko ló kú sí. Dókítà ẹranko yára gé kórópọ̀n rẹ̀, ó sì fún àtọ̀ jáde látinú ọ̀nà wẹ́wẹ́ tó ká mọ́ra lẹ́yìn kórópọ̀n, níbi tí àtọ̀ ti máa ń gbó. Ìyẹn tilẹ̀ dẹ iṣẹ́ lọ́rùn fún mi, torí bí ìnàkí bá da àtọ̀ fúnra rẹ̀, ó máa ń dì gbagidi bí ọ̀dà tó tutù, ṣùgbọ́n èyí tí a fún látẹ̀yìn kórópọ̀n kì í dì bẹ́ẹ̀. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé mẹ́ta péré ló wà. Ẹni tó bá ba mẹ́ta yẹn jẹ́, kò sí ibi tó ti máa lọ bèèrè ìkẹrin.

Ìnàkí wà lára àwọn ẹranko tí àjọ IUCN, tó ń ka àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó wà nínú ewu kárí ayé, kọ sílẹ̀ pé ó ń parun lọ. Kìnnìún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Nàìjíríà, inú ọgbà igbó Yankari àti ti Kàínjì nìkan ló kù sí. Nítorí náà ni mo ṣe fi ọ̀sẹ̀ méjì fi àtọ̀ àgbò dánra wò kí n tó gbà pé kí wọ́n gbé àwọn sítírọ́ọ̀ yìí fún mi. Àgbò kò wọ́n ní Òṣogbo. Mo ba sítírọ́ọ̀ àgbò bíi mẹ́wàá jẹ́, kò sì sẹ́ni tó bá mi wí.

Ohun tí àgbò kọ́ mi ni pé kí èèyàn tó ṣí ìdérí agolo ni iṣẹ́ yìí ti ń parí. Bí sítírọ́ọ̀ bá ti jáde, kò sí àyè láti máa wá sísọ́ọ̀sì. Láti aago méje àárọ̀ ni èmi àti ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti ń to nǹkan. Omi tí a ó fi yọ́ ọ gbọ́dọ̀ wà ní 37°C. Ẹ̀rọ tó ń gbóná omi kọ 37 sójú, mo ki tẹmómítà tèmi bọ̀ ọ́, 34 ló sọ. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í gba ẹ̀rọ náà gbọ́ mọ́. A gbé omi ìtọ́jú àtọ̀, ìgò kéékèèké, àwọ̀ àti gíláàsì pẹlẹbẹ síbi tó lọ́ wọ́rọ́. A kó gègé tí omi kì í pa rẹ́, a sì kọ orúkọ sára ìgò kọ̀ọ̀kan kí ohunkóhun tó wọ inú rẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ orúkọ kíkọ yìí, ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1949, Polge, Smith àti Parkes, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń wá ohun tí kò ní jẹ́ kí òtútù pa àtọ̀ àkùkọ. Ṣúgà ni wọ́n rò pé ó wà nínú ìgò tí wọ́n gbé. Lébẹ́ẹ̀lì ló ti ṣì, gilisẹ́rínì ló wà níbẹ̀, òun ló sì gba àtọ̀ náà lọ́wọ́ òtútù. Gilisẹ́rínì náà ni a ṣì ń lò títí dòní. Ọmọbìnrin yẹn gbọ́ ọ tán, ó ní, "Mà, ẹ ò wá rí i pé àṣìṣe dára?" Mo ní tiwọn ló dára. Bí èmi bá kọ kìnnìún sára ìnàkí, kò sẹ́ni tó máa fún mi ní oríire kankan.

Fún ìnàkí, a wọ ìbọ̀wọ́ méjì-méjì, a sì dé awò ojú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti tiwa sún mọ́ra jù, àìsàn tó bá wà lára rẹ̀ lè mọ ọ̀nà ilé wa.

Kí n tó mú sítírọ́ọ̀ kankan, mo kọ́kọ́ wo bí náítírójìn ṣe kù sí. Mo ti igi rúlà gbẹrẹfu bọ inú agolo, mo ka ẹ̀ẹ́wàá, mo fà á jáde, mo jù ú fìrìfìrì nínú afẹ́fẹ́: ibi tí yìnyín funfun bá mú dé ni omi náà dé. Mo wá fa garawa kékeré tó mú àwọn sítírọ́ọ̀ sókè dé abẹ́ ọrùn agolo, n kò jẹ́ kó yọ orí síta. Bí èèyàn bá gbé e sókè jù, tàbí kó pẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá bíi mẹ́jọ lọ, yìnyín inú àwọn tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, á máa di òkúta ńlá tó ń ya ara àtọ̀. Ẹ̀mú gígùn ni mo fi mú ọ̀kan. Mo gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan péré kí náítírójìn tó há sí ìdí rẹ̀ lè jáde, torí èyí tó bá há síbẹ̀ lè mú kí sítírọ́ọ̀ bú gbàù nínú omi gbígbóná. Mo rì í sínú omi, ọmọbìnrin náà ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá sókè.

Lẹ́yìn èyí, nù ún, kí ó gbẹ táútáú. Ẹ̀kán omi lásán kan péré tó bá wọ inú àtọ̀, wíwú ni yóò wú tí yóò fi bẹ́. Mo gé ìdí méjèèjì, àtọ̀ já sínú ìgò.

Mo kán díẹ̀ sórí gíláàsì, mo gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Kò sí ohun tó mira. Àyà mi já. Ọmọbìnrin yẹn ti ń kọ òdo sínú ìwé kí n tó rántí láti fọwọ́ kan gíláàsì náà: ó tutù bí ilẹ̀ àárọ̀. Èyí tó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni mo ṣèèṣì mú, ọyẹ́ sì ti gbá a mú láti òru. Mo kán òmíràn látinú ìgò kan náà sórí èyí tó lọ́ wọ́rọ́, kìnnìún sì ń lọ! Kì í ṣe gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ ló dúró, àwọn kan ń yí po lójú kan bí òkòtó, ṣùgbọ́n àwọn tó ń lọ tààrà wà. A fa igi lé òdo yẹn lórí.

Fífọ̀ ló tẹ̀ lé e. Gilisẹ́rínì tó gbà á lọ́wọ́ òtútù kì í jẹ́ kí àwọ̀ gbẹ dáadáa lórí gíláàsì, torí náà ó gbọ́dọ̀ jáde, àmọ́ kì í ṣe lójijì. Kíkán ni mo ń kán omi ìtọ́jú sí i, ẹ̀kán kan, mo dúró, ẹ̀kán kan, mo dúró, kí n tó gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí i. Agbára yíyí 300 g, ìyẹn ìlọ́po 300 agbára òòfà ilẹ̀, fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ tó. Ẹni tó bá sáré é jù á gé ìrù wọn.

Àwọ̀ oríṣi méjì la pò mọ́ ọn, eosin àti nigrosin. Ọmọ ìlú aró ni mí, mo mọ bí aró ṣe ń mu aṣọ. Níbí, èyí tó bá mu àwọ̀ pupa ló ti kú, èyí tó wà láàyè á wà ní funfun kíní-kíní nínú dúdú nigrosin. A ka 200 lórí gíláàsì kọ̀ọ̀kan. A tún fi díẹ̀ sínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: èyí tí awọ rẹ̀ ṣì pé, ìrù rẹ̀ á ká bí ìrù ọ̀gà. Orí rẹ̀ náà la wò fínnífínní. Àwọn kìnnìún igbó Gir ní Íńdíà, tí wọ́n ti inú ìwọ̀nba díẹ̀ bí ara wọn jọ, àtọ̀ wọn kún fún àwọn tí ìrísí wọn kò pé. Ohun tí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wa fẹ́ mọ̀ nípa kìnnìún tiwa nìyẹn.

Sítírọ́ọ̀ kìnnìún méjì la lò. Ó ku ti ìnàkí, iná sì lọ.

Ọpẹ́ ni pé n kò tíì ṣí agolo. Epo wà nínú jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ síbi ìsìnkú ní Ẹdẹ. A dúró fún wákàtí kan. Nígbà tí ó di agogo mẹ́ta, mo ní kí wọ́n lọ bá mi gba omi gbígbóná lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ tó wà lẹ́nu géètì. Mo bù ú sínú fúlásíkì ẹlẹ́nu gbígbòòrò, mo ń fi omi tútù bomi sí i títí tẹmómítà fi sọ 37. Ìgò pẹlẹbẹ tí omi wọ́rọ́ wà nínú rẹ̀ ni mo to gíláàsì lé. Maikirosikóòpù àtijọ́ kan wà ní kọ́lọ́fín, èyí tó ń fi dígí gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn. A gbé e sójú fèrèsé, a nu eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀.

Ti ìnàkí yọ́ láìsí wàhálà. Àwọn tó ń lọ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń lọ. Ọmọbìnrin náà kò fẹ́ kúrò nídìí dígí náà fún mi. A kùn ún láwọ̀, a fi ìyókù tó sùn sí ìdí ìgò pamọ́ sínú yìnyín fún àwọn tó máa wo DNA, ìyẹn àbùdá rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé omi fúlásíkì la fi yọ́ èyí, pé kì í ṣe ẹ̀rọ, kí ẹni tó bá máa ka ìṣirò wa lè mọ̀.

Sítírọ́ọ̀ mẹ́fà ló kù: kìnnìún mẹ́rin, ìnàkí méjì. Mo tún ki rúlà bọ agolo kí n tó ti ìlẹ̀kùn. Ó ti fà díẹ̀ sí ti àárọ̀. Mo pe awakọ̀ yẹn pé Ọjọ́bọ̀ ni a máa lọ gba náítírójìn mìíràn ní Ìbàdàn, ó ní òun á dé, kí n má gbàgbé ọ̀rọ̀ tí òun sọ.