Òde alẹ́ nílẹ̀ òkèèrè: àwọn àṣìṣe tí àwa obìnrin ń ṣe

Kí obìnrin jáde lálẹ́ kì í ṣe àṣìṣe. Kó jáde láì mọ ohun tí yóò gbé e padà délé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. A ó fi wákàtí kan múra, a ó pààrọ̀ bàtà lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá béèrè pé ọkọ̀ wo la ó wọ̀ bọ̀, a ó ní, "Tá a bá débẹ̀, a ó mọ̀." Nílùú tó o ti gbé pẹ́, ìyẹn lè ṣiṣẹ́, torí o mọ àdúgbò tó ní iná àti èyí tó ṣókùnkùn, o sì mọ ẹni tó o lè pè láago méjì òru. Kò sí ìkankan nínú ìmọ̀ yẹn tó bá ọ wọ bàálù.

Aago gan-an yàtọ̀. Ní Spéìn, ọ̀pọ̀ kíláàbù ni kì í kún kí aago méjì òru tó lù. Ní Tokyo, ọkọ̀ ojú irin tó kẹ́yìn máa ń lọ ní nǹkan bí aago méjìlá sí aago kan òru, òmíràn ò sì ní wá títí di nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí.

Ní ti takisí, London lásán ti tó fi ṣe àpẹẹrẹ. Black cab, takisí gidi ti ìlú náà, nìkan ni òfin gbà kó gbé ẹni tó nawọ́ sí i lójú pópó. Minicab, ìyẹn ọkọ̀ àdáni tó ń gbé èrò, o gbọ́dọ̀ ti ṣètò rẹ̀ ṣáájú. Nítorí náà, ọkùnrin tó dúró síwájú kíláàbù, tó ń mi kọ́kọ́rọ́, tó ń pariwo "taxi, taxi", má bá a lọ, ì báà jẹ́ òjò ló ń rọ̀. Bó bá sì jẹ́ fóònù lo fi pe ọkọ̀, fi nọ́ńbà ara ọkọ̀ wé èyí tó wà lójú fóònù, kó o sì ṣọ́ ẹnu rẹ. Ọ̀pọ̀ wa á ní, "Ṣé Ṣadé lẹ wá gbé?" O ti fún un lórúkọ náà nìyẹn, "bẹ́ẹ̀ ni" ló kù tí yóò sọ. "Ta lẹ wá gbé?" ni kó o bi í.

Àárò ilé tún máa ń tan èèyàn jẹ. O ti wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kò sí ẹni tó pe orúkọ rẹ bó ṣe yẹ, ni o bá gbọ́ èdè rẹ lẹ́nu ẹnìkan láàárín ariwo orin. Inú rẹ á yọ́. Kó tó di wákàtí kan, ó ti di "bùrọ̀dá", ó sì ti ní òun á gbé ọ dé ilé. Àjèjì tó ń sọ èdè rẹ, àjèjì ni. Gba nọ́ńbà rẹ̀, kẹ́ ẹ pàdé lọ́sàn-án.

Má fi kọ́ọ̀pù sílẹ̀ lọ jó kó o padà wá mu ún, ì báà jẹ́ omi, torí ẹnìkan lè ti fi oògùn sí i. Ní Japan, ẹni tó jókòó tì ọ́ ló máa ń bu ọtí fún ọ, bí kọ́ọ̀pù bá sì ti gbẹ, á tún bu sí i. Bó o bá ti mu tó, jẹ́ kó wà ní kíkún.

Bí ojú bá ń pòòyì ọ́ ju ohun tó o mu lọ, má bá ẹni tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ jáde lọ gba atẹ́gùn. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni kó o lọ bá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò kan bẹ̀rẹ̀ ní Lincolnshire ní 2016: wàá béèrè "Angela" níbi káńtà, òṣìṣẹ́ á mọ̀ pé o fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n, nítorí náà bí wọ́n bá ń wò ọ́ bọ̀ọ̀, sọ ọ́ ní tààràtà. Má sì lọ sùn pé á lọ fúnra rẹ̀. Àwọn oògùn kan tí wọ́n ń fi sínú ohun mímu èèyàn, bí i GHB, máa ń kúrò nínú ìtọ̀ láàárín wákàtí 12, àyẹ̀wò tó bá pẹ́ kò ní rí i. Ẹ̀bi ẹni tó fi oògùn sí i ni, kì í ṣe tìrẹ. Mo ń sọ èyí torí mo mọ ohun tá a máa ń sọ sí ara wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Àwọn kan gbẹ́kẹ̀ lé ike ata tí wọ́n ń fín sójú èèyàn. Níbi tí wọ́n ti rà á, ó lè bófin mu. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ohun ìjà ti 1968 kà á mọ́ ohun tí aráàlú kò gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́, ìwọ tó o fẹ́ dáàbò bo ara rẹ lè wá di ẹni tí ọlọ́pàá ń mú.

Nọ́ńbà pàjáwìrì náà yàtọ̀ síra: 112 ní gbogbo orílẹ̀-èdè European Union, 999 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 911 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ní Japan, 110 ni ti ọlọ́pàá, 119 ni ti ọkọ̀ aláìsàn. Mọ ti ibi tó o wà sórí. Kọ àdírẹ́sì ilé rẹ sórí bébà ní èdè ibẹ̀, torí fóònù lè kú.

Bó o bá fẹ́ kí ọ̀rẹ́ máa rí ibi tó o wà lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú 15, wákàtí 1 tàbí wákàtí 8 ló máa ní kó o mú. Wákàtí 1 ni ọ̀pọ̀ wa ń mú, á sì ti parí kí ijó tó gbóná. Mú 8. Ẹ jọ dá aago tí yóò gbọ́ "mo ti délé", kó sì mọ ẹni tó máa pè bí kò bá gbọ́. Èmi náà ti délé rí, mo sùn, mo gbàgbé láti sọ. Ìpè mọ́kànlá ni mo jí bá, ọ̀rẹ́ mi ò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.