Bó o bá fẹ́ gbọ́ Lárúbáwá, kọ́kọ́ mú ìlú kan

Alùmọ́gàjí ni mo wá lọ sí Wikalat al-Balah, ọjà aṣọ ńlá kan ní Káírò, lọ́sẹ̀ kejì tí mo dé Íjíbítì. Aránṣọ ni mí. Ọkọ mi ló ríṣẹ́ síbẹ̀, èmi náà sì ti pinnu pé mi ò ní jókòó sílé máa ka igi àjà. Mi ò mọ orúkọ ohun tí mo fẹ́ rà, ni mo bá ń ṣí ìka méjì, mo ń pa wọ́n dé, bí odi. Ọkùnrin ọlọ́jà náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ma’ass!” Ó tó oṣù mẹ́ta kó tó yé mi pé ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu ìyá mi lọ́jà Àtàkúmọ̀sà n’Iléṣà kí wọ́n tó bí mi ló sọ. Al-miqass ni wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé. Háúsá gbà á lọ́wọ́ wọn, àwa gbà á lọ́wọ́ Háúsá, ó di alùmọ́gàjí.

Láti ìgbà tí mo ti padà sílé, wọn ò yéé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù: eléyìí ń lọ Dubai, tọ̀hún rí iléèwé sí Káírò. “Àǹtí, báwo lẹ ṣe gbọ́ ọ?” Ìbéèrè lèmi náà fi ń dá wọn lóhùn: ìlú wo lò ń lọ?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń sọ “ulé” àti “uṣẹ́” lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, “ilé” àti “iṣẹ́” ló máa kọ fún tíṣà. Bẹ́ẹ̀ ni Lárúbáwá rí, àfi pé tiwọn jìn síra ju tiwa lọ. Èyí tó wà nínú ìwé, ìròyìn àti ìwàásù, fus-ha ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó ń fi fus-ha ná tòmátò. Bó o bá dán an wò, àfi bí ẹni ń ka Bíbélì fún alátà. “Mo fẹ́” nínú ìwé ni uriid. Ní Káírò, ọkùnrin á ní aayiz, obìnrin á ní aayza. Ní Saudi, abgha. Aysh tó o máa rà ní Káírò, búrẹ́dì ni. Ní Kuwait, ìrẹsì ni. Torí náà, mú ìlú kan, kó o dúró tì í. Bí o ò bá tíì mọ ibi tó ò ń lọ, mú ti Káírò, torí fíìmù Íjíbítì ti wọ ilé àwọn Lárúbáwá yòókù tipẹ́, wọ́n á gbọ́ ẹ.

Kó o tó kúrò nílé, wá ààfáà kan tó ń kọ́ ọmọ ní kéwú, ní lẹ́tà nìkan lo fẹ́. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n. Ọmọ ìjọ ni mí, wàláà ni mo sì fi kọ́ tèmi láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà. Ojú tì mí lọ́jọ́ kìíní, kò tì mí mọ́ lọ́jọ́ kejì. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé Lárúbáwá àti ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò ṣeé yà. Àwọn Kristẹni tó wà ní Káírò náà, “Allah” ni wọ́n ń pe Ọlọ́run, “in shaa Allah” kì í sì í wọ́n lẹ́nu wọn.

Àmọ́ nọ́ńbà ni kó o fi ṣáájú lẹ́tà. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára ọjà níbẹ̀ kì í ṣe irú tiwa. Márùn-ún wọn, ٥, dà bí òdo wa. Òdo wọn, ٠, ò ju tíńtín báyìí lọ. Mẹ́fà wọn, ٦, jọ méje wa. Mo rí ١٥ lára pákó alátẹ kan, mo kà á sí 10, mo na pọ́n-ùn mẹ́wàá sí i, mo sì dúró tì í bí òṣómàáló pé kò sí nǹkan tí mo ń fi kún un. Márùndínlógún ni ọkùnrin náà kọ, kò sì purọ́.

Etí ló kàn. Ó ti mọ́ wa lára láti gbọ́ òkè-ìsàlẹ̀ ohùn, àmọ́ Yorùbá kì í tẹ kọ́ńsónáǹtì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti máa mú ẹ. Nílé oúnjẹ kan, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, mo pe ọmọ tó ń gbé oúnjẹ, mo ní, “Fein el-hamaam?” Ó ní “Haadir,” ìyẹn “ó dáa,” ó yára wọlé. Mo rò pé ó lọ mú kọ́kọ́rọ́ ni. Ìgbà tó máa padà dé, ẹyẹlé méjì ló gbé wá nínú àwo, wọ́n ti ki ìrẹsì sí wọn nínú. Hamaam ni ẹyẹlé. Hammaam, tó o bá di ètè mú díẹ̀ kó o tó sọ ọ́ tán, ni ilé ìtọ̀. Ọkọ mi sanwó ẹyẹlé. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọwọ́ lu itan níbi tí kọ́ńsónáǹtì bá ti wúwo: ham-pá-maam. Ìwọ náà ṣe é, má wojú ẹnikẹ́ni.

Ti àṣà kò le tó bí àwọn èèyàn ṣe ń dẹ́rù bani. Ìyá Àhímọ́ọ̀dù ni Umm Ahmad. Yaa hagga ni wọ́n ń pe àgbà obìnrin, bí a ṣe ń pe Àlhájà. Bó o bá kí wọn láàárọ̀ ní sabaah el-kheer, wọ́n á dá a padà ní sabaah en-nuur. Ẹni tínú ẹ̀ bá dùn á fi òdòdó kún un, sabaah el-full. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun tàbí tó wẹ̀ tán, wọ́n ní kíkí tirẹ̀: na’iiman. Àwọn ará Jọ́dánì ní “ẹ kú iṣẹ́” tiwọn, ya’tiik el-aafya, àlàáfíà wa yìí gan-an ló sì wà nínú ẹ̀. Má wulẹ̀ gbé e dé Mòrókò: aafya tiwọn, iná ni.

Èyí tí mo fi ṣèèṣì jù ni khalliiha alayna, “jẹ́ kó wà lọ́rùn wa.” Mo mú bọ́tìnì àti òwú, mo béèrè iye, ọlọ́jà ní khalliiha alayna. Mo dúpẹ́ gan-an, mo kó ẹrù mi, mo ń lọ! Ìgbà tí mo sọ ọ́ fún Umm Ahmad tó ni ilé wa, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní kí n padà lọ sanwó. Ẹnu sì yẹ kó yà mí sí ara mi, torí bí mo bá bá èèyàn nídìí oúnjẹ n’Iléṣà, tó ní “Ẹ wá jẹun,” ṣé mo máa wẹwọ́ ni? “Á gbabi ire” ni màá sọ. Ohun kan náà ni. Na owó náà sí i lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, yóò gbà á.

Ìkúnlẹ̀ ni kó o fi sílẹ̀ sílé. Mo kúnlẹ̀ kí Umm Ahmad láàárọ̀ ọjọ́ kan, ló bá fi apá méjèèjì gbé mi nílẹ̀, “La, la, astaghfirullah!” Ọlọ́run nìkan ni wọ́n ń wólẹ̀ fún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló fi kan tèmi, ọ̀tún, òsì. Bó bá jẹ́ ọkùnrin sí obìnrin, má kọ́kọ́ na ọwọ́. Dúró wò ó bóyá ẹnì kejì máa na tiẹ̀.

Ra ìwé pélébé kan tó máa wọ àpò. Ojú ewé ọkọ̀ lọ́tọ̀, ti ọjà lọ́tọ̀, ti aládùúgbò lọ́tọ̀. Bí etí rẹ bá ṣe gbọ́ ọ ni kó o kọ ọ́ ní lẹ́tà Yorùbá, kó o bi ọmọ kékeré bó ṣe rí, torí ọmọdé kì í bọ̀wọ̀ fún àṣìṣe ẹ. Tèmi ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, nínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì, òróró ti kán sí i. Wá wò ó bó o bá fẹ́, má ṣáà mú un lọ.