Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Tẹ̀lé Àtúntò Ẹgbẹ́ NFL àti Àsọtẹ́lẹ̀ Draft

Bí wọ́n bá ti gbá Super Bowl, eré àṣekágbá, tán ní oṣù Kejì, kò tún sí ìdíje gidi kankan ní NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, títí di oṣù Kẹsàn-án, síbẹ̀ àsìkò yìí gan-an ni àríyànjiyàn àwọn alátìlẹyìn máa ń gbóná jù. Ta ni ẹgbẹ́ wa máa mú wọlé? Ta ni wọ́n máa lé? Ọmọ yunifásítì wo ni wọ́n máa yàn nínú draft ní ìparí oṣù Kẹrin? Púpọ̀ nínú àwa Yorùbá tí a ń tẹ̀lé eré yìí, ìbáà jẹ́ láti Houston tàbí láti Ìbàdàn, inú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni a ti kọ́ bí a ṣe ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti máa ń wá.

Ẹ má ṣe fi ojú tí ẹ fi ń wo Chelsea tàbí Real Madrid wo ẹgbẹ́ NFL. Ní Yúróòpù, ẹgbẹ́ tí ó bá lówó lè kó owó lọ bá ẹgbẹ́ mìíràn, kí ó sì ra ẹni tí ó wù ú. Ní NFL, agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù, tàbí kí ẹgbẹ́ kan fi ààyè rẹ̀ nínú draft sílẹ̀ fún èkejì. Ìpele méje ni draft ní, ẹgbẹ́ tí ó bá sì ṣe burúkú jù ní sáà tí ó kọjá ni ó máa ń kọ́kọ́ yàn, àfi bí ó bá ti fi ààyè náà ṣe pàṣípààrọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, iye kan wà tí àpapọ̀ owó àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kọjá lọ́dún. Ní 2024, mílíọ̀nù 255.4 dọ́là ni. Ní 2025, ó di mílíọ̀nù 279.2, iye kan náà ni ó sì de gbogbo ẹgbẹ́ 32. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi nígbà tí ẹgbẹ́ bá mú ẹnìkan wọlé kì í ṣe bóyá ó mọ bọ́ọ̀lù gbá, bí kò ṣe ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ kí wọ́n tó rí i gbà, àti ẹni tí wọn kò ní lè sanwó fún mọ́ nítorí rẹ̀. Ó dá mi lójú pé ẹni tí ó bá ń bi ìbéèrè yìí léraléra yóò bọ́ lọ́wọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn àṣìṣe tí ó kù.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ àdéhùn yẹ̀ wò. Bí ìròyìn bá jáde ní oṣù Kẹta pé ẹnìkan ti tọwọ́ bọ àdéhùn ọdún mẹ́rin lórí mílíọ̀nù 80 dọ́là, ẹ má ṣe rò pé owó tí yóò wọ àpò rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ẹ wádìí iye tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ san láìka ohun yòówù tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí, kí ẹ sì wádìí iye tí wọ́n san lójú ẹsẹ̀ nígbà tí ó tọwọ́ bọ̀wé. Owó ìtọwọ́bọ̀wé yìí ni ó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Ká ní mílíọ̀nù 20 ni wọ́n san lójú ẹsẹ̀ lórí àdéhùn ọdún mẹ́rin. Agbábọ́ọ̀lù ti gba owó rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n nínú ìwé ìṣirò líìgì, mílíọ̀nù márùn-ún ni wọn yóò máa kọ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ẹgbẹ́ náà bá lé e lẹ́yìn ọdún kan ṣoṣo, mílíọ̀nù 15 tí ó ṣẹ́kù ṣì wà lọ́rùn wọn, wọ́n á sì máa fi ẹni tí kò sí lọ́dọ̀ wọn mọ́ dí ààyè ẹni tí wọn ì bá mú wọlé. Owó tí ó ti kú ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà.

Denver Broncos jẹ́rìí sí i. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, wọ́n fún Seattle Seahawks ní ààyè ìpele àkọ́kọ́ méjì, ààyè ìpele kejì méjì àti agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta, pẹ̀lú àwọn nǹkan mìíràn, kí wọ́n lè gba Russell Wilson, quarterback, ìyẹn ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù tí ó sì ń darí eré. Àdéhùn rẹ̀ àtijọ́ ṣì ku ọdún méjì, kò tíì gbá bọ́ọ̀lù kan fún wọn nínú ìdíje, tí wọ́n fi kọ àdéhùn tuntun ọdún márùn-ún tí ó lé ní mílíọ̀nù 240 dọ́là fún un. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n lé e, wọ́n sì ru mílíọ̀nù 85 dọ́là owó tí ó ti kú, tí wọ́n pín sí ọdún méjì. Alátìlẹyìn tí ó ń pariwo pé “Ẹ lé e lónìí!” ní 2022, nígbà tí gbogbo nǹkan ti dojú rú, kò ṣẹ̀ nípa pé inú bí i; ó ṣẹ̀ nípa pé kò wo ohun tí ìlélọ náà máa ná ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun tí Broncos wá ṣe lẹ́yìn náà yẹ ní àfiyèsí. Wọ́n yan quarterback Bo Nix sí nọ́ńbà 12 nínú draft 2024, ọmọ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Wilson, wọ́n borí eré 10 nínú 17, wọ́n sì wọ playoff, ìdíje ìparí sáà tí ó ṣáájú Super Bowl, àní pẹ̀lú owó tí ó ti kú náà lọ́rùn wọn. Ìdí tí èyí fi ṣeé ṣe ni àdéhùn tí líìgì àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù fọwọ́ sí ní 2011. Kí ó tó di ìgbà náà, Sam Bradford tí wọ́n kọ́kọ́ yàn ní 2010 gba àdéhùn ọdún mẹ́fà lórí mílíọ̀nù 78 dọ́là. Cam Newton tí wọ́n kọ́kọ́ yàn ní 2011 gba ọdún mẹ́rin lórí mílíọ̀nù 22. Láti ìgbà náà, quarterback ọ̀dọ́ tí ó mọ iṣẹ́ ni ọrọ̀ tí ó tóbi jù tí ẹgbẹ́ lè ní, nítorí pé owó tí wọn kò san fún un ni wọn yóò fi kó àwọn yòókù jọ.

Nítorí ọrọ̀ yìí ni àwọn ẹgbẹ́ fi ń sáré lọ síwájú nínú draft, àwa alátìlẹyìn a sì máa pàtẹ́wọ́ láìka iye tí wọ́n san. Ní 2023, Carolina Panthers fẹ́ kúrò ní nọ́ńbà 9 lọ sí nọ́ńbà 1 tí ó wà lọ́wọ́ Chicago Bears. Wọ́n fi nọ́ńbà 9 àti nọ́ńbà 61 sílẹ̀, wọ́n fi ààyè ìpele àkọ́kọ́ ti 2024 àti ìpele kejì ti 2025 kún un, wọ́n tún fi D.J. Moore lé e, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá nínú gbígba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù. Bryce Young ni wọ́n fi yàn. Wọ́n wá gba ẹni tí yóò máa ju bọ́ọ̀lù, wọ́n sì fi ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbà jù lọ́dọ̀ wọn ṣe owó rẹ̀. Eré 2 péré ni wọ́n borí ní sáà náà, ìdí nìyẹn tí ààyè 2024 tí wọ́n ti fi tọrẹ fi di nọ́ńbà 1, tí Bears sì fi yan Caleb Williams. Kí ẹ tó yin ẹgbẹ́ tí ó sáré lọ síwájú, ẹ kọ ohun tí ó fi sílẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ sì wò ó bóyá ọmọ tí wọ́n yàn náà yóò bá ohunkóhun nílé.

San Francisco 49ers ṣe irú rẹ̀ ní 2021: ààyè ìpele àkọ́kọ́ mẹ́ta àti ìpele kẹta kan ni ó lọ kí wọ́n tó yan quarterback Trey Lance sí nọ́ńbà 3. Ọdún kan lẹ́yìn náà, wọ́n fi ààyè tí ó gbẹ̀yìn pátápátá, nọ́ńbà 262, yan quarterback mìíràn, Brock Purdy, òun ni ó sì gbé wọn dé Super Bowl oṣù Kejì 2024. Wọ́n ti gbé Lance fún Dallas Cowboys ní oṣù Kẹjọ 2023, ààyè ìpele kẹrin kan ṣoṣo ni wọ́n rí gbà. Ẹ má ṣe máa fún ẹgbẹ́ ní máàkì ní àárọ̀ ọjọ́ kejì draft. Ó kéré tán, ẹ fún wọn ní sáà mẹ́ta.

Àṣìṣe tí ó wá dun èmi jù ni kí a máa ka orúkọ ńláńlá bí ẹni pé orúkọ ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní 2011, Philadelphia Eagles mú Nnamdi Asomugha wọlé, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí cornerback, ìyẹn ẹni tí ń ṣọ́ àwọn tí ń gba bọ́ọ̀lù, tí ó dà bí rẹ̀ nígbà náà. Mílíọ̀nù 60 dọ́là fún ọdún márùn-ún ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, wọ́n sì kó àwọn gbajúmọ̀ mìíràn tì í, débi pé quarterback tuntun wọn, Vince Young, pè wọ́n ní ẹgbẹ́ àlá. Eré 8 ni wọ́n borí, 8 ni wọ́n sì pàdánù. Sáà tí ó tẹ̀lé e, 4 ni wọ́n borí. Wọ́n lé Asomugha ní oṣù Kẹta 2013. Ẹgbẹ́ kan náà yìí ni ó mú Saquon Barkley wọlé ní 2024 lórí mílíọ̀nù 37.75 dọ́là fún ọdún mẹ́ta; ó gbé bọ́ọ̀lù sá yáàdì 2,005 ní sáà náà, Eagles sì na Kansas City Chiefs ní 40 sí 22 nínú Super Bowl. Barkley mọ bọ́ọ̀lù, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ni àwọn òmìrán tí ń la ọ̀nà níwájú rẹ̀, Jordan Mailata àti Lane Johnson, ti wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ náà ṣaláìní ni wọ́n lọ rà.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń la ọ̀nà yìí kan ọmọ wa kan. Ní 2024, ọ̀pọ̀ alátìlẹyìn New York Jets ni ó ń retí Brock Bowers, ẹni tí ń gba bọ́ọ̀lù wọlé. Jets sún sẹ́yìn láti nọ́ńbà 10 sí 11, wọ́n sì yan Olumuyiwa Fashanu láti Penn State, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dáàbò bo quarterback. Àwọn kan bínú, nítorí ẹni tí ń dáàbò boni kì í gba góòlù wọlé, orúkọ rẹ̀ kì í sì í jáde nínú ìròyìn àfi ọjọ́ tí ó bá ṣàṣìṣe. Bowers ṣe bẹbẹ fún Las Vegas Raiders, bọ́ọ̀lù 112 ni ó gbà, síbẹ̀ eré 4 péré ni Raiders borí. Jets náà kò ju 5 lọ. Àmọ́ Tyron Smith tí wọ́n gbà sí ẹ̀gbẹ́ òsì ní oṣù Kẹta fara pa kí sáà tó parí, Fashanu ni ó bọ́ sí ààyè náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí sáà ẹgbẹ́ òun yóò ṣe rí, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti orí àwọn tí wọ́n dúró síwájú quarterback.

Nípa mock draft, ìyẹn àsọtẹ́lẹ̀ ẹni tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa yàn, eré ọpọlọ ni, ó sì dùn láti kà. Ẹ má kàn kà á bí ìròyìn. Kò sí ẹgbẹ́ tí òtítọ́ sísọ ní oṣù Kẹrin máa ṣe láǹfààní: bí wọ́n bá fẹ́ràn ọmọ kan, ìdákẹ́jẹ́ ni ó dára fún wọn; bí wọ́n bá sì ń dárúkọ ẹnìkan kiri, ó lè jẹ́ pé ṣe ni wọ́n fẹ́ kí ẹlòmíràn sáré wá ra ààyè wọn ní ọ̀wọ́n. Aṣojú agbábọ́ọ̀lù náà ń polówó ọjà tirẹ̀. Ní 2023, àhesọ kan láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lórí Reddit sọ pé Will Levis, quarterback Kentucky, ti ń sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé Carolina máa yan òun ṣáájú gbogbo ènìyàn, àwọn ilé tẹ́tẹ́ sì yí iye wọn padà nítorí rẹ̀. Ní alẹ́ draft ní Kansas City, Levis jókòó pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, kámẹ́rà ń padà sí ojú rẹ̀ léraléra, wọ́n sì pe ènìyàn 31 láìpe orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni Tennessee Titans yàn án sí nọ́ńbà 33. Ní 2025, ọ̀pọ̀ mock draft fi Shedeur Sanders sí ìpele àkọ́kọ́. Ìpele karùn-ún ni Cleveland Browns ti yàn án, nọ́ńbà 144, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ yan quarterback mìíràn, Dillon Gabriel, sí nọ́ńbà 94. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní áàpù tẹ́tẹ́ lórí fóònù, ẹ má ṣe fi owó oúnjẹ lé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí.

Ẹ má sì pa tẹlifíṣọ̀n nígbà tí ìpele kẹta bá parí. Ní draft ọdún 2000, nọ́ńbà 199 ni New England Patriots ti yan Tom Brady. Nọ́ńbà 149 ni Green Bay Packers ti yan Kabeer Gbaja-Biamila, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Los Angeles, ìgbà 74 àti ààbọ̀ ni ó sì wó quarterback mọ́lẹ̀ fún wọn kí ó tó kúrò níbẹ̀. Lọ́dún kan náà, kò sí ẹgbẹ́ tí ó yan Adewale Ogunleye rárá, nítorí orúnkún tí ó fi ṣèṣe ní yunifásítì Indiana. Miami Dolphins ni ó gbà á wọlé lẹ́yìn tí draft ti parí. Ní 2003, òun ni ó wó quarterback mọ́lẹ̀ jù ní gbogbo AFC, ọ̀kan nínú apá méjì tí NFL pín sí, ní ìgbà 15. Nígbà tí Chicago Bears fẹ́ gbà á ní 2004, Marty Booker àti ààyè ìpele kẹta kan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tí kò sí ẹgbẹ́ tí ó lè fi ààyè ìpele keje yàn ní ọdún mẹ́rin ṣáájú.