Bí A Ṣe Ń Gun Kẹ̀kẹ́ Láti Ullapool Yí Ká Ilẹ̀ Assynt

Ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ní agbègbè Ullapool kò ní wàhálà púpọ̀ lórí yíyan ọ̀nà, nítorí pé ọ̀nà kò pọ̀ níbẹ̀. Ìlú kékeré yìí, tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1788 nítorí ẹja pípa, wà létí Loch Broom, apá òkun kan tó wọ àárín àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn Skọ́tlándì. Títì A835 ló wọ ìlú láti gúúsù, òun náà ló sì jáde lọ sí àríwá, kò sì sí ìrìn kan tí a kì í bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Òkè ni àwọn àlejò máa ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n òkè kọ́ ló ń bà wọ́n lọ́jọ́ jẹ́. Ọ̀nà tóóró tí ọkọ̀ méjì kò lè pàdé lórí rẹ̀ ni, nítorí náà ibẹ̀ ni n ó ti pẹ́ jù nínú àlàyé yìí.

Ìrìn tó kúrú jù ni ti gúúsù, tó lọ sí Braemore àti ọ̀gbun Corrieshalloch, nǹkan bí 40 kìlómítà ní àlọ àti àbọ̀. N kì í fi í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ ojú omi láti Stornoway ní erékùṣù Lewis bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀, nítorí pé títì yẹn ni púpọ̀ nínú àwọn mọ́tò tó bá jáde nínú rẹ̀ máa ń gbà lọ sí Inverness, wọn a sì tò tẹ̀ lé ara wọn bí ìjàlọ. Bí ó bá di dandan kí ẹ gba ibẹ̀, ẹ jókòó ní èbúté, ẹ mu tíì, kí wọ́n lọ tán kí ẹ tó gbéra.

Ti àríwá ni mo fẹ́ràn. Ní nǹkan bí kìlómítà 16 sí ìlú, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Drumrunie, ẹ ó yà sí òsì sí ojú ọ̀nà tóóró kan tó gba etí adágún Loch Lurgainn kọjá lábẹ́ òkè Stac Pollaidh. Òkè náà kò ju 612 mítà lọ, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn, a sì máa ń fi í mọ̀ ọ́n láti òkèèrè. Ẹni tó bá ń bá ọ̀nà yìí lọ yóò dé Achiltibuie, níbi tí àwọn erékùṣù Summer Isles ti wà lójú òkun níwájú rẹ̀. Bí ó bá gba ojú ọ̀nà kan náà padà, yóò ti rin nǹkan bí 80 kìlómítà. Ẹni tí ara rẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kó yà sí ọ̀tún kí ó tó dé Achiltibuie, kí ó gba Inverkirkaig dé Lochinver, kí ó wá gba títì A837 lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún Loch Assynt, kọjá àwókù ilé olódi Ardvreck tí ìdílé MacLeod kọ́, dé oríta Ledmore, kí A835 sì dá a padà sí Ullapool. Ìyípo náà lé ní 100 kìlómítà, òun ni mo ní lọ́kàn nínú gbogbo ohun tí n ó sọ láti ìsinsìnyí lọ.

Láti Drumrunie lọ sí Lochinver ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ má ṣe gbà á láti òdìkejì. Gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti máa ń fẹ́ jù ní agbègbè náà, èyí tó túmọ̀ sí pé yóò máa tì yín lẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Loch Assynt, nígbà tí ó bá ti ń rẹ̀ yín. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀nà tó tóóró jù ni ẹ ó fi òwúrọ̀ gbà, kí àwọn ọkọ̀ tó jí. Aago méje òwúrọ̀ ni mo máa ń kúrò nílùú, n kì í sì í dúró de ẹni tó bá sùn jù.

Lórí kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Taya tó fẹ̀ tó mílímítà 28 ló kéré jù, 32 ló dára jù, nítorí pé ojú ọ̀nà náà le ó sì rí pálapàla. Ẹ wá jíà tó fúyẹ́ gan-an, nítorí pé àwọn òkè kéékèèké tó wà láàárín Inverkirkaig àti oríta Achiltibuie kò gùn, ṣùgbọ́n wọ́n ga bí àkàbà. Ẹ mú túùbù méjì, pọ́ǹpù, àti irinṣẹ́ tí a fi ń so ṣéènì tó bá já. Bí taya bá ya, kò pọn dandan kí ẹ ti ra ohun tí wọ́n ń tà fún títún un ṣe: ọ̀rá líle tí wọ́n fi wé bisikíìtì, tí a ká ní ìlọ́po mẹ́ta tí a sì fi sí abẹ́ ibi tó ya, ti gbé mi délé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ mú aṣọ òjò bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn, ẹ gbé oúnjẹ dání láti ìlú, kí ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé fóònù, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń pòórá láàárín àwọn òkè. Àwòrán ilẹ̀ Ordnance Survey tó jẹ́ Landranger 15 ló ní ilẹ̀ Assynt àti Coigach, tí ìyípo náà gbà kọjá, nínú. Mo máa ń ká a sínú ọ̀rá sí àpò ẹ̀yìn.

Ó wá ku ọ̀nà tóóró. Àyè ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ibì kan síbì kan, wọ́n sì ri àkọlé Passing Place mọ́ ibẹ̀, kí ọkọ̀ lè yà fún ọkọ̀. Àyè ìyàgò ni n ó máa pè é. Òfin rẹ̀ rọrùn láti sọ: apá òsì ni a ń rìn, nítorí náà bí àyè ìyàgò bá wà ní òsì yín, ẹ yà sínú rẹ̀, bí ó bá wà ní ọ̀tún, ẹ má ṣe sọdá, ẹ dúró sí òsì yín ní ọ̀gángán rẹ̀ kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ wọ inú rẹ̀.

Apá kejì òfin yìí ni gbogbo ènìyàn ń ṣì. Mo wà lẹ́yìn àwọn oníkẹ̀kẹ́ mẹ́rin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Loch Lurgainn nígbà tí mọ́tò ńlá kan, irú èyí tí wọ́n ń sùn sínú rẹ̀, yọ ní kọ́nà. Mẹ́ta dúró sí òsì. Ẹni kẹrin rí àyè tó ṣí sílẹ̀ ní ọ̀tún, ó sì sá sọdá sínú rẹ̀, láìrántí pé ọ̀tún tirẹ̀ ni òsì awakọ̀ náà. Awakọ̀ ti ń yà bọ̀ sínú àyè kan náà gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Bíréèkì ké, kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó gùn ún bọ́ sínú ilẹ̀ ẹrẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́ dé orúnkún. Kò fara pa, ṣùgbọ́n bàtà rẹ̀ kan kò jáde mọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kó ènìyàn lẹ́yìn, mo máa ń mú kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ fún mi kí a tó kúrò ní Drumrunie: ọ̀tún kì í ṣe tiwa.

Àṣìṣe kejì ni lílẹ̀ mọ́ etí ọ̀nà nítorí ìtìjú. Etí yẹn ti fọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, ilẹ̀ rírọ̀ ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé ẹni tó bá lẹ̀ mọ́ ọn ń pe awakọ̀ tó wà lẹ́yìn pé kó gbìyànjú láti fún ara rẹ̀ kọjá. Láti ọdún 2022 ni ìwé òfin ìrìnnà ilẹ̀ Britain (Highway Code) ti là á sílẹ̀ pé kí awakọ̀ fi mítà kan ààbọ̀ ó kéré tán sílẹ̀ tó bá ń kọjá lára oníkẹ̀kẹ́, bí eré rẹ̀ kò tilẹ̀ ju 30 máìlì ní wákàtí kan lọ, kò sì sí ibi tí yóò ti rí àyè bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀nà yìí àfi níbi àyè ìyàgò. Nítorí náà, ẹ gba àárín ọ̀nà láàárín àyè kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n gbèsè wà lórí ẹni tó bá gba àárín: kí ó máa bojú wẹ̀yìn, kí ó sì jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kọjá ní àyè tó bá kọ́kọ́ kàn. N kì í jẹ́ kí mọ́tò tẹ̀ lé mi kọjá àyè méjì.

Ojú yín kò gbọdọ̀ wà lórí taya iwájú. Ẹ máa wo àyè ìyàgò méjì tó wà níwájú nígbà gbogbo, kí ẹ lè dín eré kù tàbí kí ẹ fi kún un, tí ẹ̀yin àti ọkọ̀ yóò fi pàdé gan-an níbẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ kanlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ ń gun òkè, ìwé òfin ní kí ẹni tó ń bọ̀ láti òkè yà fún yín, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó gùn kò lè fi ẹ̀yìn rìn bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo sì máa ń yà. Ẹ ti jíà sí èyí tó fúyẹ́ jù kí ẹ tó dúró. Àìmọye ẹni ni mo ti rí tó dúró lórí jíà líle, tí kò lè gbéra mọ́ nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, tó sì ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè tó yẹ kó gùn. Ẹ gbé ọwọ́ sókè dúpẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ wá ibòmíràn dúró sí.

Irin tí wọ́n tẹ́ dábùú ọ̀nà lórí kòtò kí ẹran má baà kọjá tún ń gbé ènìyàn ṣubú. Ẹ dojú kọ ọ́ gbọọrọ, ẹ gbé ìdí díẹ̀ kúrò lórí ìjókòó, ẹ má fọwọ́ kan bíréèkì, ẹ má sì yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ títí taya ẹ̀yìn yóò fi kúrò lórí rẹ̀. Tí òjò bá ti pa á, èmi máa ń sọ̀kalẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ti àgùntàn, bí ìyá bá wà ní òsì tí ọmọ wà ní ọ̀tún, ẹ mọ̀ dájú pé ọmọ yóò sọdá.

Oṣù karùn-ún ni mo yàn, nítorí pé ilẹ̀ kì í tètè ṣú, àwọn àlejò kò sì tíì kún ọ̀nà. Láti òpin oṣù náà títí di oṣù kẹsàn-án ni kòkòrò bíńtín tí wọ́n ń pè ní midge máa ń jẹni; kò lè fò nínú afẹ́fẹ́ tó le, nítorí náà orí òkè tó ń fẹ́ ni kí ẹ ti jẹun, ẹ má jókòó sí etí omi tó dákẹ́.

Lẹ́yìn Lochinver, ọ̀nà ò le mọ́. Láti Ledmore ẹ ó gba abẹ́ àpáta Knockan kọjá, níbi tí òkúta àtijọ́ ti gun orí òkúta tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, lẹ́yìn náà ni ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ sí Strathcanaird pẹ̀lú afẹ́fẹ́ lójú. Ẹ fi oúnjẹ díẹ̀ pamọ́ di Ardmair, nítorí pé òkè kan ṣì kù láàárín etíkun rẹ̀ àti Ullapool, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń rò pé àwọn ti délé. Lórí òkè yẹn, ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì wò kí ẹ tó jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa sáré, nítorí pé ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ilé ti bẹ̀rẹ̀.