Bí mo ṣe ya òṣùpá ní Àkúrẹ́ tí kòtò ojú rẹ̀ fi hàn ketekete

Ìgbéyàwó, ìkómọ àti òkú àgbà ni mo fi ń jẹun nínú iṣẹ́ fọ́tò. Olùkọ́ jọ́gíráfì kan tó máa ń pè mí sí ayẹyẹ ilé ẹ̀kọ́ wọn ló gbé ti òṣùpá wá. Àwòrán ńlá kan ló fẹ́ kọ́ sára ògiri kíláàsì, kò sì fẹ́ èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní: "Bọ̀dá fọ́tò, òṣùpá tiwọn dúró ṣánṣán, tiwa níbí máa ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àwọn ọmọ mi á gbójú sókè lálẹ́, wọn ò ní rí ohun tí mo fi hàn wọ́n." Òótọ́ ló sọ. Àkúrẹ́ kò ju nǹkan bíi dígírì 7 lọ sí àríwá ìlà agbede méjì ayé. Òṣùpá tó ṣì ń dàgbà, bó bá ń lọ wọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìsàlẹ̀ ni apá tó mọ́lẹ̀ máa ń kọjú sí.

Òṣùpá kíkún ló kọ́kọ́ wu olùkọ́ náà. Mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀." Lálẹ́ òṣùpá kíkún, oòrùn kọjú sí i gan-an, kò sí òjìji kankan níbẹ̀, ojú rẹ̀ a wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pàdé òkùnkùn ni ẹwà wà: oòrùn ń fẹ̀gbẹ́ tàn síbẹ̀, òjìji etí kòtò kọ̀ọ̀kan a sì gùn gbọọrọ. Òjìji yẹn gan-an ni ojú ènìyàn ń rí tó fi máa ní àwòrán mọ́. A fẹnu kò sí ọjọ́ kẹsàn-án tí òṣùpá tuntun bá lé. Ní ọjọ́ yẹn, kòtò ńlá kan tó ń jẹ́ Copernicus, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 93, máa ń wà nítòsí ààlà òkùnkùn, òṣùpá a sì ti ga dáadáa kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù. Bí ẹ ò bá mọ ọjọ́ orí òṣùpá, ẹ bi àwọn Mùsùlùmí àdúgbò yín, wọn ò jẹ́ ṣì í.

Lẹ́ǹsì tèmi kò kọjá 300mm. Mo háyà 150-600mm lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe pé 300mm kò lè ṣe é. Ẹ fi 110 pín iye mm tí wọ́n kọ sára lẹ́ǹsì, ẹ ó mọ bí òṣùpá ṣe máa tóbi tó lórí sensor, ìyẹn ohun tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà: 300mm á fún yín ní 2.7mm, 600mm á fún yín ní 5.5mm. Lórí kámẹ́rà mi tó jẹ́ mẹ́gápíkísẹ̀lì 24, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi píkísẹ̀lì 700 tàbí 1,400 láti etí kan dé èkejì. Fún fóònù, 700 ti tó. Ògiri kíláàsì ló jẹ́ kí n wá 1,400. Síbẹ̀, 300mm tó mọ́ kedere sàn lójú mi ju 600mm tó ṣe bàìbàì lọ, ti bàìbàì yẹn ni mo sì ń rí jù lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi.

Ìmọ́lẹ̀ kò le rárá. Òkúta tí oòrùn ọ̀sán ń pa ni òṣùpá, ibi tí àwa wà nìkan ló ṣókùnkùn. Ẹni tó bá fi kámẹ́rà sí ti alẹ́ á kàn rí róbótó funfun ni. Mo lo f/8 (bí ojú lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó), ISO 200 (bí kámẹ́rà ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó), shutter 1/160 (ó ṣí fún ìdá kan nínú 160 sẹ́kọ́ǹdù). Iná títì kò dí i lọ́wọ́, nítorí náà kò sídìí láti máa retí kí wọ́n mú iná lọ. Kí shutter má ṣáà lọ́ra jù, torí pé láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì, òṣùpá á ti rìn tó ìbú ara rẹ̀ lójú ọ̀run.

Ibi tí mo máa dúró sí ló gba ìrònú. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa ní Òkè Àró ga, ó sì rí ojú ọ̀run dáadáa, àmọ́ nígbà tí mo sọ òṣùpá di ńlá lójú kámẹ́rà, gbogbo rẹ̀ ń gbọ̀n jìnnìjìnnì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí aládùúgbò gbé sí ìdí ògiri ni. Ẹ fọwọ́ kan irin báńkónì, ẹ ò ní mọ nǹkan kan. Lójú 600mm, àfi bíi pé ilé fẹ́ wó. Mo gbé tripod, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń dúró lé, sọ̀kalẹ̀ sí orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, mi ò fa ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, mo so àpò kámẹ́rà kọ́ àárín rẹ̀ kó wúwo. Mo yọ gíláàsì UV kúrò lójú lẹ́ǹsì, mo pa ohun tó ń dènà gbígbọ̀n nínú rẹ̀, torí pé lórí tripod, òun fúnra rẹ̀ lè máa mi àwòrán. Mo wá fi kámẹ́rà sí onísẹ́kọ́ǹdù méjì kí ọwọ́ mi lè ti kúrò lára rẹ̀ kó tó yà.

Fókọ́ọ̀sì wá kù. Ẹ kọ́kọ́ fa zoom dé ibi tí ẹ fẹ́, nítorí bí ẹ bá tún fọwọ́ kan zoom lẹ́yìn rẹ̀, fókọ́ọ̀sì lè yẹ̀. Lẹ́ǹsì ńlá tó bá kọjú sókè, ìwúwo ara rẹ̀ a máa fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Sẹ́lótéèpù ni mo fi wé tèmi. Mo jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ wá etí òṣùpá, ibi tí funfun ti pàdé dúdú, lẹ́yìn náà mo yí i sí MF (fókọ́ọ̀sì àfọwọ́ṣe), mo tan live view kí àwòrán lè hàn lójú ẹ̀yìn kámẹ́rà, mo sọ ọ́ di ńlá ní ìlọ́po 10. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àmì 8 tó dùbúlẹ̀ lára lẹ́ǹsì: ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì ló máa ń yí kọjá ibẹ̀, àwọn tó ṣe é ló fi àyè sílẹ̀ nítorí ooru àti òtútù. Mo wá kòtò kékeré kan nítòsí ààlà òkùnkùn, mo tẹjú mọ́ etí rẹ̀. Mo yí òrùka, etí náà fẹjú. Mo dá a padà, ó tín-ín-rín. Mo kọjá ibẹ̀, ó tún fẹjú. Mo ń fi ìka kan ṣoṣo yí i, mo sì ń dín in kù títí mo fi mọ àárín ibi méjèèjì tó ti ń bàjẹ́.

Gbogbo ìgbà tí mò ń ṣe èyí, ojú òṣùpá ń hó bí ẹ̀kọ orí iná. Lẹ́ǹsì kọ́ ló fà á, afẹ́fẹ́ ni. Páánù orí ilé tó ti gba oòrùn látàárọ̀ ń tú ooru rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ sì ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé sí wa. Kò sí bọ́tìnì fún ìyẹn, ẹ óò dúró ni. Òjò ọ̀sán ti fọ eruku kúrò lójú ọ̀run fún wa (nígbà ọyẹ́, mi ò ní dá a lábàá), nígbà tó sì di bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, híhó náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ lóòrèkóòrè. Ìgbà tó bá rọlẹ̀ ni mò ń yí òrùka, ìgbà náà ni mo sì ń yà. Bí ilẹ̀ ṣe ń tutù sí i, mo tún fókọ́ọ̀sì wò, ó ti yẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́.

Mo ya púpọ̀ ní RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe), mo sọ wọ́n di TIFF, mo kó wọn sínú ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ AutoStakkert, ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa ń ṣa èyí tó mọ́ jù tó máa pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Mo fi ìwọ̀nba mú etí kòtò le sí i. Èyí tí wọ́n bá mú le jù, òrùka funfun ló máa ń yọ yí òṣùpá ká, mi ò fẹ́ràn rẹ̀.

Ọmọkùnrin tó ń tẹ fọ́tò fún mi nítòsí Ọjà Ọba wo àwòrán náà, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ó ti dojú délẹ̀," ó sì ti fẹ́ yí i dìde. Mo ní kó fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Olùkọ́ náà ti gbé e kọ́ báyìí, wọ́n sì ti ń béèrè òṣùpá ọjọ́ kẹta. Ìyẹn á yàtọ̀: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó, ó máa gba ISO 400 àti shutter bíi 1/60, ilẹ̀ kì í sì í pẹ́ ṣú kó tó wọ̀, kò ní ga. Mo ti ń wo ibi gbalasa kan lójú ọ̀nà Ìdànrè tí kò sí páánù ilé ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀.