Ẹ Má Fi Crack Kọ́ Ọmọ Ọlọ́mọ Ní VFX

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní VFX, ìyẹn fífi kọ̀ǹpútà dá àrà sínú fídíò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tẹnu mi. Mo mọ̀ pé owó ò sí, dọ́là ti gbówó lórí, àmọ́ crack, ìyẹn sọ́fítíwià olówó tí wọ́n jí ṣí, tẹ́ ẹ̀ ń kó sórí kọ̀ǹpútà yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Èmi náà ṣe é rí, kọ̀ǹpútà mẹ́fà ni mo kó o sí látinú fláàṣì kan ṣoṣo, wọ́n ní kí n pa antivirus kó tó lè wọlé, mo sì pa á, orí mi ò pé nígbà yẹn. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí àwọn fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í yí orúkọ padà, kò sí èyí tó ṣí mọ́, iṣẹ́ àṣekágbá àwọn ọmọ bá a lọ, ìyá ọmọ kan ń pè mí láago mẹ́fà àárọ̀.

Òmíràn ni ká máa rò pé ohun tó bá ti jẹ́ ọ̀fẹ́, yẹ̀yẹ́ ni. Blender, sọ́fítíwià téèyàn lè fi ṣe VFX, kì í ṣe trial, ọ̀fẹ́ ni pátápátá, láísẹ́ǹsì GPL tó ń lò sì fún yín láyè láti pín in fún ẹni tó bá wù yín. Ẹ dáńlóòdù ẹyọ kan, èyí tó jẹ́ zip, ẹ dà á sórí fláàṣì káwọn ọmọ máa kọ̀pì í, dátà ẹnì kan ṣoṣo ló lọ. (Mo ti rí ẹni tó ní kí ogún ọmọ dáńlóòdù ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí MiFi kan. Háà!)

Àmọ́ ọ̀fẹ́ ju ọ̀fẹ́ lọ. Houdini Apprentice, ẹ̀dà ọ̀fẹ́ sọ́fítíwià VFX Houdini, máa lẹ watermark, ìyẹn àmì wọn, mọ́ fídíò yín, Nuke Non-commercial, ẹ̀dà ọ̀fẹ́ ti Nuke, ò ní jẹ́ kí àwòrán yín kọjá 1920×1080, méjèèjì ni ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ olówó. Ẹ sọ fún ọmọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó má lọ gba iṣẹ́ ìpolówó tán kó tó mọ̀. Autodesk ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Maya, sọ́fítíwià 3D wọn, lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ilé ìwé tí wọ́n bá dá mọ̀ ni, lẹ́sìnnì orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bíi tèmi, ẹ má gbójú lé e.

Fusion, tí wọ́n fi ń pa àwòrán pọ̀, wà nínú DaVinci Resolve, sọ́fítíwià ẹ́díìtì fídíò, lọ́fẹ̀ẹ́, ó dáa gan-an, àmọ́ RAM 32GB ni wọ́n ní kéèyàn ní tó bá máa lò ó. Ẹ wo láptọ́ọ̀pù àwọn ọmọ yín kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ sínú sílábọ́ọ̀sì.

Ẹ má sì fi iná àti bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀. Aṣọ gríìn yáàdì mẹ́ta, fóònù, Keying node inú Blender tó ń yọ àwọ̀ gríìn kúrò, ó tó kọ́ wọn fún oṣù kan. Kẹ́ ẹ ṣáà lọ aṣọ yẹn kẹ́ ẹ tó fi kọ́ ara ògiri, torí gbogbo ibi tó bá ti rún ló máa ní òjìji, ẹ máa fa slider títí, kò ní yọ.