Láti Africatown dé àtẹ̀gùn Ilé Ìjọba Alabama: bí mo ṣe to ìrìn náà

Mobile ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mi ò kọ́kọ́ lọ sí Montgomery, olú ìlú Alabama, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe máa ń ṣe. Bí ẹ bá ti Mobile gba Selma kọjá kí ẹ tó wọ Montgomery, ìtàn ẹrú àti ti ìjà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú á to ara rẹ̀ fún yín.

Ọjọ́ ló máa ń da ètò rú jù. Àwọn ibi ìrántí tí ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò Equal Justice Initiative kọ́ sí Montgomery kì í ṣí lọ́jọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ilé ìjọba ní tirẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ ló dájú pé ẹ ó bá a ní ṣíṣí. Nítorí náà, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀ tàbí ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ fi sí Montgomery, kí ẹ wá ti ibẹ̀ ka ọjọ́ padà sẹ́yìn. Ẹ ṣọ́ ìsinmi ìjọba pẹ̀lú: ní Alabama, wọ́n ṣì ń ti ọ́fíìsì lóṣù kẹfà nítorí ọjọ́ ìbí Jefferson Davis, ààrẹ àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ya kúrò lára Amẹ́ríkà torí ọ̀rọ̀ ẹrú!

Ní Africatown, àdúgbò Mobile tí àwọn tí ọkọ̀ ẹrú Clotilda kó dé dá sílẹ̀, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Heritage House sílẹ̀ kí ẹ tó lọ, torí ilé kékeré ni. Inú ọpọ́n omi ni wọ́n kó àwọn àfọ́kù pákó ọkọ̀ Clotilda sí níbẹ̀. Ní 1860 ni ọkọ̀ yìí kó nǹkan bí ènìyàn 110 dé láti Ouidah, bẹ́ẹ̀ láti 1808 ni Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọ ìlú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dáná sun ún sínú odò. Ọmọ agbègbè Bantè, ní Benin òde òní, ni Kossola, ọ̀kan nínú àwọn tí ọkọ̀ náà kó dé, ẹni tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis. Ère rẹ̀ wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì Union Missionary Baptist, ibojì rẹ̀ sì wà ní òdìkejì títì, ní ìtẹ́ òkú Old Plateau. Ọkọ̀ àjàgbé pọ̀ lójú títì yẹn. Ẹ wa ọkọ̀ sọdá, ẹ má fẹsẹ̀ rìn ín.

Lójú I-65 ni kí ẹ ti rọ epo kún kí ẹ tó yà sí ọ̀nà 41 tó gba Camden lọ sí Selma. Inú igbó ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà ọ̀hún. Selma yìí náà ni Àbákẹ́ kú sí ní 1940, ẹni tí wọ́n sọ ní Matilda McCrear, ọmọdé tí ọkọ̀ Clotilda gbé dé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sí àárín ìlú, kí ẹ fẹsẹ̀ gun afárá Edmund Pettus láti apá ibẹ̀. Afárá náà yọ gẹ̀gẹ̀ láàárín, ẹni tó bá ń gùn ún kì í rí òdìkejì àfi tó bá dókè. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń wọ́de fún ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní March 7, 1965 ṣe gòkè kí wọ́n tó kan àwọn ọlọ́pàá tó lù wọ́n padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú US 80, ọ̀nà tí wọ́n wá fẹsẹ̀ rìn dé Montgomery lóṣù kan náà, fún máìlì 54. Ẹ yà ní Lowndes Interpretive Center. Orí ilẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n lé kúrò nílé torí pé wọ́n forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ti gbé inú àgọ́.

Ní Montgomery, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Court Square, níbi tí ọjà ẹrú wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ rin Dexter Avenue gòkè. Ṣọ́ọ̀ṣì tí Martin Luther King ti ṣe pásítọ̀ láti 1954 dé 1960 fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilé ìjọba. Ní ìloro iwájú ilé ìjọba, ẹ wolẹ̀: ìràwọ̀ idẹ kan wà níbi tí Davis dúró sí láti búra ní 1861. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn kan náà ni King ti sọ̀rọ̀ ní March 25, 1965.

Nínú ilé, àtẹ̀gùn oníyípo méjèèjì ni kí ẹ fara balẹ̀ wò. Horace King, ẹrú tẹ́lẹ̀ rí tó di ọ̀gá nínú iṣẹ́ afárá, ló kọ́ wọn, láìsí òpó kankan láàárín. Ẹ má retí aṣòfin níbẹ̀ o. Láti 1985 ni wọ́n ti kó lọ sí State House tó wà lẹ́yìn.